Iná tí kò rú èéfín: Ohun tí álààmù aago mẹ́ta òru kọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́ńdọ̀nù

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀ ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè orí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ni. Mo nawọ́ mú un, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dákẹ́. Orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, mo wá ń sọ fún ara mi pé ibà tí mo gbé wá láti Èkó ló tún dé yìí. Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti fò dìde nínú òkùnkùn, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú gbayawu, ó sáré lọ ṣí ti ẹ̀yìn, ó wá gbá mi lápá mú bí ẹni ń fa àpò gàrí.

"Dìde! Jáde! Má wá bàtà!"

Bí a ṣe bá ara wa létí odò nìyẹn, nínú oṣù Kìíní, èmi pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìrì dídì ti bo gbogbo koríko. Ẹ̀gbọ́n mi pe 999, wọ́n gbé wa lọ sí ọsibítù, wọ́n fi ọ́síjìn sí wa nímú. Ohun tó ń ké kì í ṣe fóònù rárá. Álààmù tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ni. Afẹ́fẹ́ náà ò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í sì í ta ojú bí èéfín. Iná tí èmi fúnra mi dá lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn yìí tán, nítorí ó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra láti jápa, ó sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn nítòsí jẹnẹrétọ̀ ní Mushin, tẹ́ ò tiẹ̀ ní ìwé ìrìnnà.

Kí ló gbé ọmọ Yorùbá dé inú ọkọ̀?

Owó ilé ni. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà ní ìlú ọba. Nígbà tó rí i pé owó ilé ń sáré, owó oṣù òun ń rìn, ó kó owó tó ti tù jọ, ó ra ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní narrowboat. Ọkọ̀ yìí ò ju ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìbú lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50 tàbí 60. Ẹ ṣáà fọkàn yàwòrán bọ́ọ̀sì BRT kan tí wọ́n fún láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìtura náà wà níbẹ̀. Orí odò Lea ló ń gbé e sí, lónìí ó wà ní Tottenham, lọ́la ó wà ní Hackney.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń yún un o. Òfin ni. Ìwé òfin ni mo kà ní yunifásítì, torí náà èyí ni mo kọ́kọ́ bi í. Òfin British Waterways Act ti ọdún 1995 ló sọ pé ọkọ̀ tí kò bá ní ibùdó tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ lójú kan, àfi bí ìdí tó mọ́gbọ́n wá bá wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn báyìí, kò sí wáyà iná tó so mọ́ ọn. Páànù sólà orí òrùlé ò sì rí oòrùn tó gidi jẹ lóṣù Kìíní. Irin ni gbogbo ara ọkọ̀, inú omi tútù ló jókòó sí. Bí ẹ ò bá dáná nínú ẹ̀, ẹ ó kú síbẹ̀ ni.

Torí náà, sítóòfù onírin kékeré kan wà láàárín ọkọ̀, kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, páìpù èéfín rẹ̀ gba inú òrùlé jáde. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní "lánlọ́ọ̀dù". Ó ní bí o bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, o ti san owó ilé nìyẹn.

Ààrò àti àdògán

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń dá iná. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n dá. Ṣé iná náà ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ tó dàgbà ní Ìjẹ̀bú?

Òótọ́ ni pé ìyá àgbà mi ti kọ́ mi ní ohun tí mo nílò, mo kàn gbàgbé ni. Orí ààrò ni ìyá àgbà ti ń fi igi dáná. Inú àdògán ni wọ́n ń da èédú sí. Mi ò bi wọ́n rí pé kí nìdí. Sítóòfù inú ọkọ̀ yẹn ló wá dáhùn. Igi fẹ́ràn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i láti òkè àti ẹ̀gbẹ́, ó sì máa ń jó dáadáa lórí eérú tirẹ̀. Èédú ní tirẹ̀ fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ wọlé, ìdí nìyẹn tí àdògán fi ní ojú nísàlẹ̀. Bí eérú bá dí ojú yẹn, èédú á kú fin-ín-fin-ín. Sítóòfù ẹ̀gbọ́n mi lè jó méjèèjì, nítorí ó ní ihò afẹ́fẹ́ lókè, ó tún ní lábẹ́. Bí o bá ń jó igi, o máa ṣí ti òkè, kí o fi eérú díẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá ń jó èédú, o máa ṣí ti abẹ́, kí o gbọn eérú dànù.

Kí wá ni ó yẹ kí èèyàn jó? Ẹ wo ohun tí àwọn tó ń gbé orí omi máa ń yàn láàárín wọn.

Àkọ́kọ́ ni igi gbígbẹ. Ó yá, ó ń móoru kíá, òórùn rẹ̀ dára. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ jó tán, kò sì lè gbé òru mọ́jú. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni omi. Bí o bá sọ irú ẹ̀ sínú iná, iná yẹn máa kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ sè omi ná kó tó rántí pé ìwọ ló yẹ kó yá. Èéfín rẹ̀ á tutù, á máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù bí ọ̀dà. Wọ́n máa ń la igi, wọ́n á sá a sábẹ́ òrùlé tó ń gba afẹ́fẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì kó tó dára fún sítóòfù.

Èkejì ni èédú tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, tí kì í rú èéfín. Ó rí róbótó bí ẹyin, inú àpò kílò 25 ni wọ́n sábà máa ń tà á sí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà tó ń gba ojú odò kọjá, tó ń ta èédú, dísù àti gáàsì láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí mẹ́ruwà ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò wa. Èédú yìí ló ń gbé òru mọ́jú, òun ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń jó dísù. Kò ní eérú, bọ́tìnnì lásán lo máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ bátìrì, nígbà tí bátìrì bá sì kú lóru, òtútù ti wọlé dé nìyẹn. Ní ti gáàsì, ìdáná oúnjẹ ni ẹ̀gbọ́n mi fi mọ. Ó ní iná gáàsì tí kò ní páìpù máa ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ ọkọ̀ débi pé ògiri á máa sunkún.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jó ni pákó tí wọ́n ti kùn tàbí tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí. Àwọn pákó ìgbẹ́rù tí ẹ̀ ń rí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù máa ń ní àmì lára. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí MB, ẹ sá fún un, oògùn apakòkòrò methyl bromide ni wọ́n fín sí i.

Ohun mẹ́ta tí mo ṣe

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Wọ́n gé igi kan létí odò, wọ́n sì fi àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà rí ọ̀fẹ́! Mo ṣà á wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń jó igi tútù yẹn, inú mi ń dùn pé mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣọ́wó ná. Ohun kìíní nìyẹn.

Ohun kejì, ihò kan wà lára ògiri ọkọ̀ tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé, ó máa ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀ gan-an. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ dí i. Mi ò tiẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Lójú mi, ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ló gbàgbé láti dí ihò yẹn.

Ohun kẹta, lálẹ́ ọjọ́ náà, mo da èédú aláìléèéfín kún inú sítóòfù, mo sì ti gbogbo ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa kó lè pẹ́ kó tó jó tán. Kó tó dojú ẹ̀, mo wo inú rẹ̀: pupa ló ń pọ́n, kò sí èéfín kankan. Mo sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A gbà pé èéfín ni ewu. Bí iná ò bá ti rú èéfín mọ́, a ti rò pé ó ti dọ̀rẹ́ wa. Bẹ́ẹ̀, èéfín tó ń ta wá lójú ń ṣe wá lóore, ó ń lé wa jáde ni. Nígbà tí iná ò bá rí afẹ́fẹ́ tó, kì í jó tán, ohun tí kò jó tán yẹn ló ń di carbon monoxide. Bí a bá fà á símú, ó máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa, agbára tó fi ń so mọ́ ọn sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ̀jẹ̀ á máa sáré kiri ara, ṣùgbọ́n ẹrù tí ọpọlọ àti ọkàn ń retí kò sí lórí ẹ̀. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni, oorun á wá kunni. Ẹ sọ fún mi, ọmọ Nàìjíríà wo ni orí máa fọ́ lóru tí kò ní sọ pé ibà ni? Ẹni tó bá lo oògùn ibà, tó padà sùn, ó lè má jí mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi tú páìpù èéfín náà palẹ̀. Páìpù tí ọwọ́ èèyàn ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀dà dúdú ti dí i débi pé ìka mẹ́ta ló kù tó lè gbà. Carbon monoxide kò rí òkè gbà jáde, ó yà sọ́dọ̀ wa. Atẹ́gùn tútù tí ì bá wá gbà wá, ìbọ̀sẹ̀ mi ti dí i lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó gbé e sókè, ó wò mí títí.

"Àbúrò, o mọ òfin o. Ṣùgbọ́n o ò mọ iná."

Mi ò rí èsì fọ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi wà níbi iṣẹ́. Èmi tí mo tẹ fóònù tí mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, ta ni ì bá fà mí lápá?

Ibi tí òfin parí sí

Àwọn òyìnbó ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá èéfín jà. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú pa pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo Lọ́ńdọ̀nù mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Iye àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa tó 4,000, àwọn tó padà ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé ó ṣeé ṣe kó tó 12,000. Ibẹ̀ ni òfin Clean Air Act ti ọdún 1956 ti jáde. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, òfin ilẹ̀ England ò jẹ́ kí wọ́n ta igi ìdáná díẹ̀díẹ̀ fún aráàlú bí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Èédú inú ilẹ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á nínú àpò fún ìdáná ilé mọ́ láti ọdún yẹn, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n fòpin sí títà èyí tí kò sí nínú àpò.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òfin náà dúró: ẹni tó ń tajà ló mú. Igi tútù tí mo ṣà létí odò, ta ni ó tà á fún mi? Òfin dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, èmi sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Òfin kan ṣoṣo tó wọnú yàrá tọ̀ mí wá ni ti álààmù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀ kò lè yege nínú àyẹ̀wò Boat Safety Scheme, tí wọ́n ń ṣe lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, bí kò bá ní álààmù carbon monoxide. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi hàn mí, mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn èèyàn yìí kàn fẹ́ràn ìwé ni. Mo ti kó ẹ̀rín yẹn jẹ.

Ìtọ́jú tí kì í ná ni lówó

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi kiri bí ọmọ iṣẹ́. Àwọn nǹkan tó ń ṣe nìyí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún yín ní ọkọ̀ gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lówó pọ́ọ́kú, àwọn ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ náà.

Ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú páìpù èéfín nígbà òtútù, kì í dúró di ìgbà tí yóò dí. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè inú sítóòfù, ó máa ń yọ òun náà, nítorí orí ẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń kó jọ sí.

Ó máa ń wo okùn tó yí etí ilẹ̀kùn sítóòfù ká. Ó máa ki bébà sẹ́nu ilẹ̀kùn, á tì í, á sì fà á. Bí bébà bá yọ wẹ́rẹ́, okùn ti gbó nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá rí i pé gíláàsì ti sán tàbí pé símẹ́ńtì ìdí páìpù ti là, kò ní dáná lọ́jọ́ náà.

Eérú kì í sun inú ọkọ̀. Eérú tí ẹ rò pé ó ti kú lè ní ẹyin iná nínú, á sì máa tú carbon monoxide jáde jẹ́jẹ́. Inú garawa onírin tó ní ìdérí ló ń kó o sí, ìta ló ń gbé e sí.

Ihò afẹ́fẹ́ ò ṣeé dí. Bí òtútù bá pọ̀, wọ ìbọ̀sẹ̀ sẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n dá a fún.

Álààmù méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà báyìí, ọ̀kan nítòsí sítóòfù, ọ̀kan níbi tí a ń sùn. Lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń tẹ bọ́tìnnì wọn wò. Wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò daṣẹ́ sílẹ̀ sára ẹ̀ bíi ti oògùn, ó sì mọ ọjọ́ náà lórí.

Kí ló kàn wá ní Èkó?

A ò gbé inú ọkọ̀, a ò sì ní òtútù irú yẹn. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa la ní. Nígbà òjò, ìyàwó ilé á fọ́n iná àdògán níta, nígbà tí èédú bá pọ́n tán tí kò rú èéfín mọ́, á ní, "Ẹ gbé e wọlé, ó ti mọ́." Jẹnẹrétọ̀ tí a sọ ní "I better pass my neighbour" wà ní pááséèjì torí olè, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé wọ́n bá ìdílé kan nínú yàrá láàárọ̀, jẹ́ń ṣì ń dún tàbí epo ẹ̀ ti tán? Àdúgbò á ní ayé ló ṣe é. Ayé kọ́. Afẹ́fẹ́ kan náà tó fẹ́ pa èmi lórí odò Lea ni.

Mo ti ka àdéhùn ilé gbígbé púpọ̀ ní Èkó. Wọ́n á kọ owó ejẹ́ńtì, owó lọ́yà, owó tí wọn ó fi tún ilé ṣe bí a bá bà á jẹ́. Mi ò tíì rí ọ̀kan tó kọ ibi tí ayálégbé yóò gbé jẹnẹrétọ̀ sí, tàbí tó ní kí onílé kan álààmù kékeré kan mọ́ ògiri. Ẹ̀yin lọ́yà ẹgbẹ́ mi, ìlà méjì péré ni yóò gbà nínú ìwé yẹn. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ béèrè fún un, ó kéré tán ẹ ó mọ irú onílé tẹ́ ẹ fẹ́ kówó fún. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òfin. A kì í gbé iná sórí òrùlé ká lọ sùn, iná tí kò rú èéfín náà wà lára iná.

Èmi ti ra álààmù tèmi, mo sì kàn án mọ́ ògiri yàrá mi. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo dé, ó ké. Jẹ́ń aládùúgbò mi wà lábẹ́ fèrèsé mi gan-an. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́. Ó ní òyìnbó ni mo fẹ́ fi ara mi ṣe, a pariwo, gbogbo kọ́ńpáùndì jí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé jẹ́ń náà lọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì.

Ó ń bínú sí mi títí di òní. Kò burú. Ó ń jí láràárọ̀ láti bínú sí mi.